Ohun Tó Hù sí Mi Lára

Kubwa, Abuja,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Títílayọ̀ ọmọ mi, Àjíkẹ́ mi,

Mo kí ọ, mo kí Kúnlé ọkọ rẹ. Ṣé Kàdúná ti gbà yín tọwọ́tẹsẹ̀? Ṣé iṣẹ́ tuntun náà ti ń mọ́ ọ lára, àbí àwọn ọ̀gá lọ́yà yín ṣì ń rán ọ ní fótókópì kiri? Má jẹ́ kó dùn ọ́. Ọdún méjì àkọ́kọ́ tí mo lò nílé iṣẹ́ ìjọba, eruku ara fáìlì nìkan ni mo ń gbọ̀n, mo sì jáde níbẹ̀ lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá yàrá fáìlì. Ibi tí a bá ti bẹ̀rẹ̀ kọ́ là ń dé.

Ìwé yìí yóò gùn. Mo mọ̀ pé o ń gbọ́ Yorùbá ju bí o ti ń kà á lọ, ẹ̀bi mi sì ni, èmi tí mo jẹ́ kí ẹ máa fi òyìnbó dá mi lóhùn láti kékeré. Bí o bá dé ibi tó le, kà á sókè, etí rẹ yóò mọ̀ ọ́n. Má tíì pe Kúnlé kó wá bá ọ kà á, títí wàá fi dé ibi tí màá ti ní kí o lọ bá a. Wàá rí ìdí rẹ̀.

Ohun tó mú mi gbé bírò ni ọ̀rọ̀ tí o sọ lórí fóònù ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá. O ní Kúnlé bi ọ́ léèrè ìdí tí mo fi ń tiro, o sì dá a lóhùn pé làkúrègbé ni. O rẹ́rìn-ín bí o ti ń sọ ọ́. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo fi irọ́ yẹn sí ọ lẹ́nu. Èmi ni mo ní kí o má sọ fún ẹnì kankan nílé ọkọ rẹ pé jẹjẹrẹ ni mo ní, ó kéré tán kí a tó ṣe ìgbéyàwó tán. Ìgbéyàwó ti parí, irọ́ náà kò parí, ó ti bá ọ wọ ọkọ̀ ojú irin láti Idu dé Kàdúná. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bẹ̀rẹ̀ ìwé yìí láàrin ọ̀sẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ya á. Lónìí mi ò ní ya á. Ohun kan wà tí mo ṣe tí ìwọ pàápàá kò mọ̀, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ni yóò pa mí.

Jẹ́ kí n tò ó lẹ́sẹẹsẹ bí a ti ń to ojú ewé fáìlì.

Àkọ́kọ́. Má ṣe fi awọ ara díwọ̀n ènìyàn láé.

Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàlélógún ní Èkìtì, olùkọ́ kan wà tó ń jẹ́ Gbádébọ̀ tó fẹ́ fi mí ṣaya. Èmi náà fẹ́ ẹ. Ó máa ń rọra sọ̀rọ̀, ó sì máa ń kọ lẹ́tà tó mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ará ilé wa ní láti kọ́kọ́ ṣe ìwádìí. Ìwọ tí a bí sí Abuja, o ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n o kò tíì rí i kó gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ rí. Kí ìdílé kan tó fọmọ fún ìdílé kejì, wọn á rán ẹnì kan tó lójú inú lọ síbẹ̀ bí ẹni tó kàn ń kọjá lọ. Yóò tọrọ omi mu. Yóò jókòó díẹ̀. Yóò wo ilé, yóò wo àwọn ará ilé: ṣé kò sí wèrè níbẹ̀, ṣé kò sí wárápá, ṣé kò sí ẹ̀tẹ̀. Àbúrò bàbá mi obìnrin ni wọ́n rán. Nígbà tó dé, ó ní apá ìyá Gbádébọ̀ kò dára, ó ní àpá funfun kún un láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá. Kò dárúkọ ẹ̀tẹ̀, wọn kì í dárúkọ rẹ̀. Ó kàn ní kí n fọkàn kúrò níbẹ̀.

Mo sì fọkàn kúrò. Lẹ́tà tí ọmọkùnrin náà kọ gbẹ̀yìn, mo dá a padà láìtú u. Ó tó ọdún mélòó kan kí n tó gbọ́ pé gàrí ni ìyá rẹ̀ ń yan láti ọmọdé, iná ìdí agbada ló jó o lápá bẹ́ẹ̀. Gàrí yẹn ló fi tọ́ ọmọ mẹ́fà. Awọ apá rẹ̀ ni a wò, a kò wo iṣẹ́ tí apá náà ṣe.

Mi ò sọ pé mo kábàámọ̀ pé mo fẹ́ bàbá rẹ o. Bàbá rẹ ni ọkọ tí Ọlọ́run fún mi, kó sì máa sinmi ní àlàáfíà. Ṣùgbọ́n mo ṣẹ obìnrin yẹn láìrí i rí, mi ò sì bẹ̀ ẹ́. Ìwọ yóò máa jókòó ti oríṣiríṣi ènìyàn nínú iṣẹ́ òfin rẹ. Kí o tó pinnu irú ẹni tí ẹnì kan jẹ́, béèrè lẹ́nu rẹ̀ ohun tó jó o.

Èkejì. Ohun tí o kò bá mọ̀ lára rẹ, má sọ ọ́ lórúkọ fúnra rẹ.

O rántí ọjọ́ tí o ń bá mi gé èékánná ẹsẹ̀, tí o rí dúdú kan ní àtẹ́lẹsẹ̀ mi, tí o ní, “Mummy, kí lèyí?” Mo ní eruku Kubwa ni. Mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé kì í ṣe eruku. Mo ti fi òkúta ìfọsẹ̀ ha á, mo ti fi bíléèdì rẹ́ ẹ, ó ń fẹ̀ sí i ni. Mo sọ fún ara mi pé mo tẹ nǹkan ni, nígbà tó yá mo ní bàtà ló ń fún mi. Ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ̀jẹ̀ sínú ìbọ̀sẹ̀, tí kókó kan sì yọ ní abẹ́ itan mi, ni mo tó lọ sí ọ̀dọ̀ Dókítà Hàdíza, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ará Bida yẹn tí o bá pàdé nígbà kan.

Nígbà tó sọ fún mi pé jẹjẹrẹ awọ ara ni, mo fẹ́ẹ̀ bá a jà. Mo ní àìsàn òyìnbó nìyẹn, àwọn tí oòrùn ń jó. Ó ní rárá, ó máa ń mú àwa náà, àmọ́ ibi tí awọ wa kò ti dúdú tó ìyókù ló máa ń sá pamọ́ sí: àtẹ́lẹsẹ̀, àtẹ́lẹwọ́, abẹ́ èékánná. Wọ́n gé e, wọ́n gé kókó itan náà. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwòrán fi hàn pé àwọn ọmọ rẹ̀ ti wà nínú ẹ̀dọ̀fóró mi. Gbogbo èyí ni o mọ̀. O mọ̀ pẹ̀lú pé wọ́n yẹ ẹran ara tí wọ́n gé náà wò, wọ́n sì rí àmì kan nínú rẹ̀ tó fi hàn pé oògùn oníhóró kan lè bá a jà, oògùn tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bá wa wá láti òkèèrè.

Ọjọ́ tí Dókítà Hàdíza kó oògùn náà lé mi lọ́wọ́, ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, “Mama, oògùn yìí lè mú kí nǹkan hù sí yín lára. Ohunkóhun tó bá hù, bó kéré tó orí abẹ́rẹ́, ẹ fi hàn mí. Ẹ má yọ ọ́, ẹ má fi pamọ́.” Mo ní, “Yes, ma.” Ó ní kí n tún un sọ fún òun. Mo tún un sọ bí ọmọ iléèwé.

Ẹ̀kẹta wá ni eléyìí, òun ló sì ṣòro jù fún mi láti kọ. Ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ tó bá dùn mọ́ ọ létí.

Ó tó oṣù méjì tí mo ti ń lo oògùn náà kí nǹkan tó bẹ̀rẹ̀. Ikọ́ tó ń yọ mí lẹ́nu dáwọ́ dúró. Mo ń gun àtẹ̀gùn láìsinmi. Ṣùgbọ́n awọ itan mi ń le, ó ń ha ọwọ́ bí ìpẹ́ ẹja, nígbà tó yá àwọn nǹkan bíi wọ́nwọ́n hù sí mi lápá, méjì, mẹ́ta, mẹ́fà. Ọ̀kan tó wà lókè ọrùn ọwọ́ òsì yọrí sókè bí ìwo ọmọ ewúrẹ́. Ìyá Súnbọ̀, ẹni tí a jọ wà ní ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì, rí i níbi tí a ti ń fọ abọ́. Mo fa aṣọ bò ó. Ó ní kí n má bò ó. Ojú rẹ̀ tàn.

Ó ní, “Ó ń jáde nìyẹn. Ẹ kò rántí èéyi ọmọdé ni? Tó bá ń jáde sára ọmọ, à ń dúpẹ́ ni. Èyí tó bá wọnú padà là ń bẹ̀rù. Ìdọ̀tí àìsàn yẹn ni oògùn ń tì jáde. Ẹ jẹ́ kó jáde tán.”

Àjíkẹ́, mi ò lè ṣàlàyé fún ọ bí ọ̀rọ̀ náà ti dùn tó. Mo sunkún ayọ̀ síbi àwo náà. Bí àwọn ìyá wa ti ń sọ ọ́ nìyẹn lóòótọ́, bí wọ́n ti ṣe é fún èmi náà nígbà tí mo ní èéyi nìyẹn, wọ́n ń ka ohun tó jáde sí mi lára bí ẹni tó ń ka ìbùkún. Ikọ́ ti lọ, nǹkan sì ń jáde: kí ni kò bára mu níbẹ̀? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láràárọ̀. Nígbà tí mo padà lọ rí dókítà, mo wọ aṣọ alápá gígùn. Ó bi mí pé ṣé nǹkan tuntun kankan wà lára. Mo ní kò sí. Mo ń bẹ̀rù pé bó bá rí i, yóò fún mi ní ohun tí yóò dá a padà sínú.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló tàn mí jẹ: jáde. Àìsàn kò jáde. Nǹkan mìíràn ló ń wọlé. Kì í ṣe pé Ìyá Súnbọ̀ fẹ́ mi níbi, ó fẹ́ràn mi, ohun tó mọ̀ ló sọ. Mi ò sì ní jẹ́ kí o bá a jà. Ẹni tó kìlọ̀ fún mi wà nílé ìwòsàn, mo sì fi ìkìlọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ nítorí pé ti Ìyá Súnbọ̀ dùn jù ú lọ. Nínú ilé ọkọ, nínú iṣẹ́, bí ọ̀rọ̀ méjì bá dé iwájú rẹ tí ọ̀kan ń tù ọ́ nínú tí èkejì ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ, tún èyí tó ń béèrè nǹkan gbọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Bóyá ọ̀rọ̀ náà kì bá tí jù bẹ́ẹ̀ lọ ká ní ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ yín kò yí padà. O rántí pé àsìkò Kérésìmesì ni a jọ fẹnu kò sí. Lójijì ni àwọn òbí Kúnlé ránṣẹ́ pé àwọn fẹ́ mú un wá síwájú, kó bọ́ sí oṣù tó ń bọ̀, kí ìgbéyàwó sì tẹ̀ lé e kíákíá. Wọ́n ní ìdí wà. Wọn kò sọ ìdí náà. Inú rẹ dùn, o ń jó kiri pálọ̀. Èmi wọ yàrá lọ, mo ti ilẹ̀kùn, mo wo dígí. Ọ̀kan ti hù sí ẹ̀gbẹ́ imú mi. Méjì wà níwájú orí. Ọ̀kan ń bẹ̀rẹ̀ létí ètè.

Ta ni mo rí nínú dígí yẹn? Àbúrò bàbá mi ni mo rí, tó tọrọ omi mu, tó ń wo apá obìnrin ẹlẹ́gàrí. Mo ní àwọn àna wọ̀nyí yóò wọlé, wọn yóò jókòó, wọn yóò wò mí lójú. Wọn kò ní dárúkọ ohunkóhun. Wọn yóò mu omi, wọn yóò lọ, wọn yóò sì sọ fún Kúnlé pé kó fọkàn kúrò níbẹ̀. Ohun tí mo ṣe sí ọmọ ọlọ́mọ ni yóò wá ṣẹlẹ̀ sí ọmọ mi.

Mo mọ̀ pé oògùn náà ló ń mú wọn hù. Nítorí náà mo dá oògùn náà dúró.

Mo ti kọ ọ́. Ọjọ́ mọ́kànlélógún. Mo kó páálí rẹ̀ sábẹ́ aṣọ nínú àpótí. Ní gbogbo ìgbà tí o bá pè tí o bá ní, “Mummy, ṣé ẹ ti lo oògùn yín?” mo máa ń ní mo ti lò ó. Àwọn ti ojú sì rọ lóòótọ́, wọ́n gbẹ, wọ́n wálẹ̀, ìwọ̀nba tó kù ni mo fi páúdà bò. Ti ọwọ́ òsì nìkan ni kò lọ, mo fi apá aṣọ bò ó. Lọ́jọ́ náà, àna rẹ obìnrin dì mọ́ mi, ìwọ náà sì sọ sí mi létí pé, “Mummy, ara yín ń dán.” Inú mi dùn, Ọlọ́run dárí jì mí. Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Láti kékeré ni mo ti ń pa òwe yẹn. Èmi ni mo wá ṣe é, lójú ara mi.

Ikọ́ padà dé kí ẹ tó lọ jẹ́ ẹ̀jẹ́ ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo sọ fún ọ pé ọyẹ́ ni. Lẹ́yìn tí mo sìn yín dé Idu tí ọkọ̀ ojú irin gbé yín lọ, mi ò yà sílé, ilé ìwòsàn ni mo gbà lọ. Mo ká apá aṣọ mi sókè níwájú Dókítà Hàdíza, mo sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀.

Kò pariwo mọ́ mi. Ó wo apá náà pẹ́. Ó ní, “Kai, Mama. Na me you dey hide am from?” Lẹ́yìn náà ló jókòó tó ṣàlàyé fún mi bí ẹni tó ń ṣàlàyé fún ìyá rẹ̀. Ó ní oògùn náà ń pa iná jẹjẹrẹ tó ti àtẹ́lẹsẹ̀ wá, ṣùgbọ́n níbi tí awọ bá ti ní àbùkù díẹ̀ tẹ́lẹ̀ tí a kò mọ̀, oògùn kan náà á máa fẹ́ iná níbẹ̀, ohun tó ń mú nǹkan hù nìyẹn. Púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe nǹkan kan. Díẹ̀ nínú wọn máa ń di jẹjẹrẹ mìíràn, èyí tí kì í yára rìn, tí a bá tètè gé e. Ó ní, “Ká ní ẹ fi hàn mí, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni mo máa fi gé e, ẹ ó sì máa lo oògùn yín lọ. Àwọn nǹkan ara yìí kọ́ ló yẹ kí a bẹ̀rù jù, Mama. Èyí tó wà nínú ni.”

Ó gé ìwo ọwọ́ òsì náà lọ́jọ́ yẹn. Àyẹ̀wò ní jẹjẹrẹ ni òun náà, kékeré, wọ́n sì gé e tán. Ti inú ẹ̀dọ̀fóró ló dàgbà láàrin ọjọ́ mọ́kànlélógún yẹn àti lẹ́yìn rẹ̀. Mo ti padà sí oògùn láti ìgbà náà. Dókítà ní òun kò lè ṣèlérí pé yóò tún gbọ́ràn sí oògùn bíi ti àkọ́kọ́. Oṣù tó ń bọ̀ ni a ó tún ya àwòrán. Mi ò mọ ohun tí a ó rí. Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò ní purọ́ fún ọ.

Ó tún ní kí n wá ẹni tí yóò máa wo ẹ̀yìn mi, agbárí mi àti ẹ̀yìn etí mi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, nítorí ojú ẹni kì í rí ẹ̀yìn ẹni. Mo ní èmi nìkan ni mo wà nílé.

Mi ò mọ iye tí mo kà dé mọ́, bóyá ẹ̀kẹrin nìyí. Máa tètè la ọ̀rọ̀ fún àwọn tó ti di tìrẹ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé, ìyá Kúnlé wá láti Gwarinpa láìpè. Ó gbé ìkòkò omi kan dání, amọ̀ Kwali, ó ní omi inú rẹ̀ á máa tutù fún mi nígbà tí kò bá sí iná. Kò sí iná lọ́jọ́ náà. Ooru mú, mo jókòó sí pálọ̀ nínú ṣẹ́mí aláìlápá, mo rò pé ọmọ aládùúgbò ló ń kanlẹ̀kùn nígbà tí mo ní kó wọlé. Bí mo ti rí i, mo na ọwọ́ sí ìborùn kan, mo fẹ́ fi bo apá. Ó gba ìborùn náà lọ́wọ́ mi, ó ká a, ó fi sórí àga.

Ó ní, “Ìyá Títí, ẹ jókòó. Kí lẹ̀ ń bò?”

Mo ní, “Nǹkan ló hù sí mi lára.”

Ó ní, “Mo mọ̀.”

Mo ní kí ló mọ̀. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní, “Ṣé ẹ rò pé àwa ará Okun kì í ṣe ìwádìí ni? Ọmọ àbúrò mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì yín ní Àìkú méjì péré. A mọ̀ pé jẹjẹrẹ ni. A mọ ẹsẹ̀ tó ti bẹ̀rẹ̀.”

Mo ní, “Ẹ mọ̀, ẹ sì tún wá?”

Ó ní, “Ìdí tí a fi mú ọjọ́ náà wá síwájú nìyẹn. Bàbá Kúnlé ló ní kí a má jẹ́ kó di Kérésì. Ó ní kí ìyá ọmọ wà níbẹ̀, kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ súre fún ọmọ rẹ̀.”

Ọmọ mi, mo ti gbọ́ ìròyìn ikú bàbá rẹ, mo ti gbọ́ orúkọ àìsàn tèmi, kò sí èyí tó dùn mí tó gbólóhùn yẹn. Àwọn tí mo torí wọn ju oògùn sílẹ̀ ti mọ̀. Àánú mi ni wọ́n fi ń yára, èmi sì rò pé ojú mi ni wọ́n ń bọ̀ wá wò. Ọjọ́ mọ́kànlélógún tí mo fi ṣòfò, kò sẹ́ni tó béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ọ̀rọ̀ tí a ní kí baba má gbọ́, baba náà ni yóò parí rẹ̀. Mo sọ fún un nípa oògùn tí mo dá dúró. Ó bá mi sunkún. Kò sọ pé “kí ló dé tí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀,” kò sì sọ pé kò sí nǹkan.

Mo wá bi í pé, “Kúnlé ńkọ́?”

Ó ní, “Kúnlé mọ̀. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má bá òun sọ ọ́ mọ́, òun ń dúró de ìyàwó òun kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.”

Ṣé o rí i báyìí? Nígbà tí ọkọ rẹ bi ọ́ ní ìdí tí mo fi ń tiro, kì í ṣe pé kò mọ̀. Ilẹ̀kùn ló ṣí fún ọ. O sì ní làkúrègbé ni. Kò bínú, àbí? Yóò tún béèrè lọ́jọ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n ènìyàn kì í ṣí ilẹ̀kùn títí láé kó má rẹ̀ ẹ́. Mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí sẹ́nu fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nítorí ìtìjú oògùn tí mo dá dúró. Mo rò pé bí mo bá sọ ọ̀kan, màá sọ èkejì, o ó sì bínú sí mi. Bínú sí mi. O lẹ́tọ̀ọ́ sí i, mo sì lè gbà á. Ohun tí mi ò lè gbà ni kí o fi irọ́ tí mo kọ́ ọ ṣe ìpìlẹ̀ ilé rẹ.

Bí o bá ti ka ibí yìí, lọ bá a níbi tó wà, kó má di ìgbà tí àyè bá yọ. Sọ fún un pé jẹjẹrẹ ni. Sọ fún un pé ìwọ mọ̀, pé ìyá rẹ ló ní kí o má sọ. Da ẹ̀bi náà lé mi lórí, èjìká mi gbà á. Lẹ́yìn ìyẹn kí ẹ jọ ka ìyókù.

Ìyókù náà kò pọ̀ mọ́. Má fi iṣẹ́ sílẹ̀ wá jókòó tì mí. Mo mọ̀ pé ohun tí yóò kọ́kọ́ wá sí ọ lọ́kàn nìyẹn, mo sì kọ̀ ọ́. O lo ọdún púpọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́, o jẹ eruku òkè Bwari nígbà tí o ń kọ́ òfin, kì í ṣe kí o lè wá máa ká aṣọ mi. Máa pè mí, máa bi mí nípa oògùn, kí o sì ní kí n ka iye tó kù nínú páálí sí ọ létí, má gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ bẹ́ẹ̀ lásán. Mo ti pàdánù ẹ̀tọ́ yẹn fún ìgbà díẹ̀ ná.

Ti ẹ̀yìn mi, má da ara rẹ láàmú. Lọ́jọ́ tí ìyá Kúnlé wá yẹn, ó bi mí pé ta ló ń bá mi wò ó. Mo ní kò sẹ́ni. Ó ní kí n yí ẹ̀yìn padà. Láti ìgbà náà, gbogbo Àbámẹ́ta ló ń wá. Yóò ti ilẹ̀kùn, yóò bọ́ awò ojú rẹ̀, yóò nù ún, yóò tún un gbé wọ̀, màá bọ́ ṣẹ́mí sílẹ̀ fún un, yóò sì bẹ̀rẹ̀ láti agbárí wá sílẹ̀, díẹ̀díẹ̀, kò kánjú. Ẹni tí mo ń sá pamọ́ fún nìyẹn, òun ló wá mọ ara mi ju èmi alára lọ. Ní àná, ó rí ọ̀kan tuntun lábẹ́ èjìká ọ̀tún, ó ní kò tíì tó hóró ata. Ọ̀la ni èmi àti òun ń lọ fi han dókítà.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.